Ọwọ́ Ta Ni Èèkù Wà?

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Òwe ogun ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ sí ojú ogun. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé agbára idà kò sí nínú irin rẹ̀ nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó di èèkù rẹ̀ mú. Bí idà mú tó abẹ, tí èèkù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mímú rẹ̀ kò ṣe wá ní àǹfààní kankan, ewu ni ó jẹ́ fún wa. Bí ọ̀rọ̀ idà ti rí ni ọ̀rọ̀ gbogbo ohun èlò rí, láti orí ọkọ́ tí à ń fi roko títí dé orí fóònù tí ó wà nínú àpò olúkúlùkù wa lónìí. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí ìwọ òǹkàwé mi bá mi yẹ àwọn ohun èlò ìgbàlódé wò, kí a sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè yìí: Ọwọ́ ta ni èèkù rẹ wà?

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọkọ́ àgbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ irin rẹ̀, àgbẹ̀ ni ó rà á. Láti ọjọ́ tí owó ti kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ọkọ́ sì ti bọ́ sí i lọ́wọ́, alágbẹ̀dẹ kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Bí èrúkọ́ rẹ̀ bá ṣẹ́, àgbẹ̀ yóò wọ inú igbó, yóò gé igi tí ó tẹ̀ dáradára, yóò sì gbẹ́ èrúkọ́ mìíràn. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, yóò pọ́n ọn. Bí ó bá wù ú, ó lè yá aládùúgbò rẹ̀ lò, ó sì lè fi í sílẹ̀ ní ogún fún ọmọ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò lè jókòó sí ìdí ẹwìrì kí ó máa pàṣẹ pé kí ọkọ́ tí òun tà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn má ṣe wọ ilẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí, wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí à ń fi ọwọ́ yí, irú èyí tí ó wà nílé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìyá wa. Ẹ̀rọ ni, òkèèrè ni ó sì ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á mọ ibi tí à ń kán epo sí, ó mọ bí a ti ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí yóò tú u, tí yóò sì tún un tò, kò jìnnà sí àdúgbò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá ẹ̀rọ jà nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rọ, tàbí pé mo ń yin ohun àtijọ́ kìkì nítorí pé ó ti pẹ́. Ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ìránṣọ í ṣe, síbẹ̀ èèkù rẹ̀ wà lọ́wọ́ aránṣọ.

Láti inú àpẹẹrẹ méjèèjì yìí ni a ti lè yọ ìlànà mẹ́rin tí a ó fi máa ṣe ìdájọ́ ohun èlò. Èkíní, ohun èlò rere a máa gbọ́ ti ọwọ́ tí ń lò ó. Èkejì, ó ṣe é tún ṣe bí ó bá bàjẹ́. Ẹ̀kẹta, kò ní ọ̀gá mìíràn níbòmíràn lẹ́yìn ẹni tí ó rà á. Ẹ̀kẹrin, ó bá ilé àti ìlú tí a gbé e wọ̀ mu. Jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti gbígbọ́ ti ọwọ́, rédíò àtijọ́ lè jẹ́ olùkọ́ fún wa. Ohun róbótó méjì tí à ń yí ni ó wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún ohùn, èkejì fún wíwá ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ gbọ́. Bí iná kò bá sí, tí òkùnkùn sì bo inú ilé, ọwọ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Afọ́jú lè lò ó, arúgbó lè lò ó, ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà náà lè lò ó. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọn aṣẹ̀rọ ti fẹ́ràn gíláàsì pẹlẹbẹ jù. Wọ́n ti yọ bọ́tìnì kúrò lára fóònù, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ìdáná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, àní wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá, wọ́n sì ń fi gíláàsì kan tí ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ rọ́pò gbogbo wọn. Awakọ̀ tí ó fẹ́ dín afẹ́fẹ́ tútù kù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti gbójú kúrò lójú ọ̀nà, kí ó wá àwòrán kékeré kan lójú gíláàsì, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó dúró de àwòrán mìíràn, kí ó sì tẹ ìyẹn náà. Ohun tí ọwọ́ nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ojú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ó wà níwájú ojú awakọ̀ ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ USS John S. McCain kọlu ọkọ̀ agbépo kan nítòsí Singapore, atukọ̀ 10 sì kú. Lójú gíláàsì tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín atukọ̀ méjì, àṣẹ ìdarí ṣí kúrò níwájú ẹni tí ó rò pé òun ni ó ń tọ́ ọkọ̀, ó bọ́ sí iwájú èkejì, kò sì sí ẹni tí ó tètè mọ̀. Wọ́n rò pé ìdarí ti bàjẹ́. Àwọn aṣèwádìí sọ pé a kò kọ́ àwọn atukọ̀ náà tó, ṣùgbọ́n wọ́n sọ pẹ̀lú pé bí a ṣe ṣe ìdarí orí gíláàsì náà wà lára ohun tí ó fa jàǹbá náà. Ní ọdún 2019, iléeṣẹ́ ológun ojú omi náà kéde pé àwọn yóò dá ọ̀pá ìdarí tí ọwọ́ lè dì mú padà sínú àwọn ọkọ̀ irú rẹ̀. Kíyè sí i, òǹkàwé mi: orílẹ̀-èdè tí owó àti ìmọ̀ kò wọ́n ni èyí, síbẹ̀ wọ́n padà sí èèkù nígbà tí wọ́n rí ohun tí àìní èèkù dá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò yẹ kí ó ní apá kan ṣoṣo. Gíláàsì yìí kan náà ti ṣe rere tí bọ́tìnì kò lè ṣe. Láti ọdún 2009 ni fóònù iPhone ti ní ohùn tí ń ka ohun tí ó wà lójú gíláàsì sétí afọ́jú, àwọn fóònù mìíràn sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Afọ́jú tí ó ní láti bẹ ẹlòmíràn kí ó tó lè ka lẹ́tà ara rẹ̀ ti lè dá a kà báyìí. Níbi yìí, èèkù kúrò lọ́wọ́ aládùúgbò, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ni lẹ́tà. Nítorí náà, kì í ṣe gíláàsì ni a ń dá lẹ́bi. Ẹni tí a ń dá lẹ́bi ni aṣẹ̀rọ tí ó gbàgbé pé ojú kì í fi ìgbà gbogbo ráyè, àti pé ọwọ́ pàápàá ní ìmọ̀ tirẹ̀.

Ìlànà kejì ni àtúnṣe. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èékánná lásán ni a fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù. Bí bátìrì bá wú tàbí tí kò gba iná mọ́, olóhun yóò ra òmíràn lọ́jà, yóò sì fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ìsọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. Ẹni tí yóò pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní láti fi ooru yọ gọ́ọ̀mù náà, kí ó fi sùúrù gbé gíláàsì kúrò, kí ó sì máa gbàdúrà kí ó má fọ́. Bátìrì sì rèé, ohun tí ó dájú pé yóò gbó ni. Nǹkan bí ọdún mélòó kan ni ẹ̀mí rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá lẹ ohun tí yóò gbó pọ̀ mọ́ ohun tí kò ì tíì gbó ti pinnu ọjọ́ ikú àwọn méjèèjì.

Àwọn tí ń ṣe fóònù ní àwíjàre. Wọ́n ní bí a bá lẹ̀ ẹ́ pa, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ó fẹ́lẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n bi ẹni tí yóò rà á léèrè èyí tí ó fẹ́? Jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta ẹja ṣe àpẹẹrẹ. Orí fóònù ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń pè é, orí rẹ̀ ni owó ti ń wọlé fún un, orí rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Bí bátìrì bá kú, tí àtúnṣe rẹ̀ sì gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ fún un pé kí ó kúkú ra fóònù mìíràn, èrè ọ̀pọ̀ oṣù ni ó ti lọ yẹn. Ìyá yìí kò bèèrè fóònù tí ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Fóònù tí yóò bá a ná ọjà fún ọdún púpọ̀ ni ó ń wá.

Bí ìwọ bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèkù bá wà lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ, rántí ọ̀rọ̀ iPhone ti ọdún 2017. Àwọn ènìyàn ti ń ráhùn tipẹ́ pé fóònù wọn ń lọ́ra bí ó ti ń dàgbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Apple jẹ́wọ́ pé òun ni òun ń dín eré àwọn fóònù kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Èrò náà kò burú nínú ara rẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé wọn kò là á yé àwọn tí ó ni fóònù. Ẹni tí ìbá fi owó díẹ̀ pààrọ̀ bátìrì lè rò pé fóònù rẹ̀ ti darúgbó, kí ó sì lọ ra tuntun. Lẹ́yìn ìbínú àwọn ènìyàn, ilé-iṣẹ́ náà tọrọ gáfárà, ó dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti 79 dọ́là sí 29 dọ́là fún ọdún 2018, ó sì fi àyè sílẹ̀ tí olóhun fi lè rí ìlera bátìrì rẹ̀. Ní ọdún 2020, ó gbà láti san owó tí ó lè tó mílíọ̀nù 500 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é ní Amẹ́ríkà.

Ìwà yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1924, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń ṣe gílóòbù iná pàdé ní ìlú Geneva, wọ́n sì ṣe àdéhùn kan tí à ń pè ní Phoebus. Wọ́n fi ẹnu kò pé kí gílóòbù wọn má ṣe máa tàn ju wákàtí 1,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gílóòbù ti ń tàn tó wákàtí 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń dán gílóòbù ara wọn wò, ilé-iṣẹ́ tí tirẹ̀ bá sì pẹ́ jù, wọn yóò bu owó ìtanràn lé e. Ìwọ ọmọ ilé-ìwé, ro èyí dáadáa: a jẹ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìyà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára jù. Níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti lè ṣẹlẹ̀, ẹni tí ń rajà kò gbọdọ̀ sùn.

Ìlànà kẹta ni mo kà sí èyí tí ó wúwo jù. Yorùbá ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ṣùgbọ́n lónìí, ohun èlò kan wà tí a ń fi owó wa rà, tí a ń gbé sínú ilé wa, tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìkàwé Kindle ṣàdédé rí i pé ìwé tí wọ́n ti rà kò sí nínú ẹ̀rọ wọn mọ́. 1984 àti Animal Farm tí George Orwell kọ ni àwọn ìwé náà. Ẹni tí ó gbé wọn sórí àtẹ Amazon kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà sì mọ̀, ó nawọ́ láti òkèèrè, ó nu àwọn ìwé náà kúrò, ó sì dá owó padà. Ọmọ ilé-ìwé kan ní Amẹ́ríkà ti ń kọ àkíyèsí rẹ̀ sí etí ìwé 1984 fún iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un. Nígbà tí ìwé lọ, àwọn àkíyèsí náà di ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Jeff Bezos, olórí ilé-iṣẹ́ náà, tọrọ àforíjì ní oṣù kan náà. Ó dára tí ó tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ta aṣọ fún wa tí a sì wá rí i pé aṣọ olóhun ni, ẹnu ọ̀nà wa ni ó yẹ kí a wá, kí a sì bá wa sọ̀rọ̀. Owó tí a dá padà kò sọ fífi òru wọlé di ohun tí ó tọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí pàdánù kì í ṣe owó. Ìdánilójú pé ohun tí mo rà di tèmi ni wọ́n pàdánù.

Gbọ́ òmíràn. Ẹ̀rọ kan wà tí ń jẹ́ Revolv, tí àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà ń rà ní nǹkan bí 300 dọ́là láti máa fi darí iná àti àwọn ohun èlò mìíràn nínú ilé wọn. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Nest, tí Google ti rà, ra ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa kọ̀ǹpútà òkèèrè tí ẹ̀rọ náà ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo Revolv sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò bàjẹ́, wọn kò gbó. Ẹnì kan ni ó jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí ó pinnu pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́ mọ́. Rántí alágbẹ̀dẹ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe láti ìdí ẹwìrì rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní ń ṣe.

Ẹnì kan lè sọ fún mi pé àṣẹ tí ń ti òkèèrè wá a máa ṣe rere pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sùn, bí ilé-iṣẹ́ kò bá sì máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí fóònù wa, wọn yóò tètè rí ọ̀nà wọlé sí ibi tí a kó owó wa sí. Bí wọ́n bá jí fóònù wa, a lè ti ibòmíràn tì í pa kí olè má baà jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ti fóònù mi pa mọ́ olè lọ́wọ́, èmi ni mo pàṣẹ. Ọlọ́dẹ tí a gbà kí ó máa ṣọ́ ilé wúlò púpọ̀, a sì lè fún un ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, bí yóò bá wọ yàrá, ó yẹ kí ó kan ìlẹ̀kùn, kí ó sì sọ ohun tí ó ń wá. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣẹ̀rọ kò ju èyí lọ: kí wọ́n kan ìlẹ̀kùn.

Ìlànà kẹrin ni pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun èlò tí ó dára ní ibi tí iná kì í lọ lè di ẹrù lásán ní ibi tí iná kì í dúró. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Nokia gbé fóònù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 1100. Kò ní ẹ̀rọ ayàwòrán, kò sì ní àwọ̀ mèremère lójú. Ohun tí ó ní ni tọ́ọ̀ṣì lórí, rọ́bà tí kò jẹ́ kí eruku wọ inú bọ́tìnì, ara tí kì í yọ̀ lọ́wọ́, àti bátìrì tí ń pẹ́ kí ó tó kú. Àwọn tí ó ṣe é ti ro ti ènìyàn tí ń gbé níbi tí eruku wà tí iná kò sí. Ó ju mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà káàkiri ayé. Bí ìwà ti jẹ́ ẹwà ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ jẹ́ ẹwà ohun èlò, àwọn tí ń rajà sì mọ̀ ọ́n.

Trevor Baylis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà yẹ ní yínyìn. Ní ọdún 1991, ó ń wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àrùn éèdì ní Áfíríkà, ó sì gbọ́ pé rédíò lè gbé ìkìlọ̀ dé ìgbèríko, ṣùgbọ́n iná kò sí níbẹ̀, owó bátìrì sì ju agbára àwọn ènìyàn lọ. Ó wọ inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ṣe rédíò tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni à ń fi wé e bí aago àtijọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti wá ń ṣe é fún títà. Ọkùnrin yìí kò bèèrè pé, ‘Kí ni mo lè tà fún wọn?’ Ohun tí ó bèèrè ni pé, ‘Kí ni ọwọ́ wọn lè ṣe?’

Ní ilé tiwa níhìn-ín, mítà iná alásansílẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ní ojú méjì. Nọ́ńbà 20 ni a ó tẹ̀ sí i kí iná tó wọlé, bí ojú arúgbó bá sì ṣi ẹyọ kan, mítà yóò kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ mọ́, ó sì yẹ kí a wá ọ̀nà tí ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti san owó iná tí wọ́n kàn fojú bù fún un rí mọ iyì mítà yìí. Ó ń rí iye tí ó kù, ó ń mọ ohun tí ń jẹ iná, ó sì lè pinnu fúnra rẹ̀ ìgbà tí yóò pa ohun tí ń jẹ ẹ́. Bí mítà náà tilẹ̀ nira láti tẹ̀, apá kan èèkù wà lọ́wọ́ onílé.

Èyí tí ó kàn wá jù lọ ni ọ̀rọ̀ èdè wa. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ka ọ̀rọ̀ Yorùbá sí àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì. A kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ pa á rẹ́, ó fi ohun tí òun mọ̀ rọ́pò rẹ̀, a sì ti fi í ránṣẹ́ kí a tó mọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dúró, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Bí ọ̀dọ́ bá ń kọ èdè rẹ̀ ní àkọdànù lójoojúmọ́ nítorí pé ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ó kọ ọ́ dáradára, níkẹyìn yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni èdè náà ṣe rí. Níbi yìí, èèkù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ odindi ènìyàn kan. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀: a lè pàṣẹ fún fóònù kí ó má tún ọ̀rọ̀ wa kọ mọ́, a sì lè gbé pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá sórí rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú Gboard ti Google. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nítorí pé a kò wá a. Èèkù tí ó wà nílẹ̀ tí a kò bẹ̀rẹ̀ mú, ẹ̀bi aṣẹ̀rọ kọ́ ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin gba èèkù padà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pa á láṣẹ pé láti 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, oríṣi ojú ìgbaná kan náà, USB-C, ni gbogbo fóònù tuntun tí a bá tà níbẹ̀ yóò máa lò, kí ènìyàn má baà máa kó ṣájà bí ẹni kó igi ìdáná. Láti 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025, òfin mìíràn ní kí àwọn tí ń ṣe fóònù máa pèsè àwọn ẹ̀yà ara tí a fi ń tún un ṣe fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ títà oríṣi fóònù náà dúró. Òfin ibòmíràn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni à ń lò, àǹfààní rẹ̀ yóò sì kàn wá. Kí àwọn aṣòfin tiwa náà kíyè sí i, nítorí kò sí ibi tí àtúnṣe ti ṣe pàtàkì tó ilẹ̀ tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú.

Kí wá ni iṣẹ́ tìrẹ, òǹkàwé mi? Kí ìwọ tàbí òbí rẹ tó san owó ohun èlò kan, bèèrè ìbéèrè mẹ́rin tí a ti sọ. Ǹjẹ́ ọwọ́ mi lè lò ó láìsí wàhálà? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, èló sì ni? Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá kógbá wọlé lọ́la, ǹjẹ́ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́? Ṣé ó bá ilé wa mu? Nígbà tí o bá sì ti rà á tán, má ṣe gba ohun gbogbo bí ó ti bá ọ. Ṣí i wò, kọ́ bí a ti ń darí rẹ̀, pa ohun tí o kò fẹ́, kí o sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń tún ohun èlò ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí ìsọ̀ kékeré ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí ó ń fi sùúrù gbé gíláàsì kúrò lórí fóònù tí a lẹ̀ pa, ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́lá. Òun ni ó ń dá èèkù padà sí wa lọ́wọ́.

Bóyá ìwọ gan-an ni yóò di aṣẹ̀rọ lọ́jọ́ iwájú. Bí ọjọ́ náà bá dé, rántí ìyá tí ń ta ẹja, rántí arúgbó tí ń ka nọ́ńbà 20 sí mítà, rántí afọ́jú tí ń gbọ́ lẹ́tà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣe ohun tí yóò pẹ́, kí o ṣe é kí ó ṣe é tú, kí o sì kan ìlẹ̀kùn kí o tó wọlé. Èrè tí ó wà nínú kí a dè oníbàárà mọ́lẹ̀ lè tètè dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè tí ènìyàn lè fi ọkàn balẹ̀ jẹ. Jẹ́ kí ẹni tí ó bá ra iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lè sọ pẹ̀lú òótọ́ pé, ‘Tèmi ni.’